Ìrírí Mi: Ohun Tí Ìlà Kan Dúró Fún Nínú Àkọsílẹ̀ Ọgbà Ìgbafẹ́

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Tanke, ní ìlú Ìlọrin, ni kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń fi SQL, èdè kọ̀ǹpútà kan, bi àkọsílẹ̀ ní ìbéèrè. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tàbí pólì ni, àwọn díẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì wọn ṣe ju kí a máa fi tẹ lẹ́tà lọ. Fún ìgbà pípẹ́, àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ni jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan tí kò sí níbì kankan, pẹ̀lú àwọn oníbàárà tí ẹnikẹ́ni kò bí. Àtẹ ni àkọsílẹ̀ náà, ìlà rẹ̀ lọ ní ìbú, òpó rẹ̀ sì lọ ní òró. Gbogbo òpó inú rẹ̀ ló kún, gbogbo orúkọ ló pé, ìdáhùn sì máa ń jáde láìlábùkù. Ẹni tó bá fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ yóò mọ òfin èdè SQL, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ti ń fura. Ìdí nìyẹn tí mo fi yà sí àkọsílẹ̀ tí ìjọba gidi kan kó jọ nípa ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ọgbà ìgbafẹ́, pápá ìṣeré, ibi ìṣeré ọmọdé, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nínú wọn.

Àkọsílẹ̀ ìlú New York ni mo yàn. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀, Local Law 11, tó pa á láṣẹ fún àwọn ẹ̀ka ìjọba ìlú náà pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sí ojú kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní irú fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ẹni tó wà ní Tanke lè gbà á láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láìsan kọ́bọ̀ kan ju owó dátà lọ. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìlọrin nípa ọgbà tó wà ní Brooklyn. Èrò tèmi ni pé jíjìnnà rẹ̀ gan-an ló ṣe wá lóore. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì tó ti jókòó ní Central Park rí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bo ohun tí àtẹ kò sọ mọ́lẹ̀.

Irinṣẹ́ wa kò wọ́n. SQLite ni, èyí tí D. Richard Hipp gbé jáde ní ọdún 2000, tó sì fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́ láìgba owó. Kò béèrè fún sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin àwọn yòókù, kò béèrè fún íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ bá ti wọlé, ohun gbogbo sì wà nínú fáìlì ẹyọ kan tí a lè fi fláàṣì gbé láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún wọn dà bí ohun tó rọrùn jù lọ: ọgbà ìgbafẹ́ mélòó ló wà ní New York? Àtẹ tí a ń lò ni èyí tí wọ́n pè ní Parks Properties. Lára àwọn òpó rẹ̀ ni GISPROPNUM, tó jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. SIGNNAME, tó jẹ́ orúkọ tó wà lára pátákó. ACRES, tó jẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ náà ní éékà. TYPECATEGORY, tó ń sọ irú ibi tó jẹ́. Àti BOROUGH, níbi tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti dúró fún apá ìlú: M fún Manhattan, B fún Brooklyn, Q fún Queens, X fún Bronx, R fún Staten Island. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a kọ SELECT COUNT(*) FROM ogba, èyí tó ní kí a ka gbogbo ìlà inú àtẹ náà tí a sọ ní ogba, iye kan a jáde, ọ̀pọ̀ wọn a sì jókòó padà bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Nígbà náà ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ èyí, tó ń ka ìlà irú ibi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

SELECT TYPECATEGORY, COUNT(*) FROM ogba GROUP BY TYPECATEGORY ORDER BY COUNT(*) DESC;

Ohun tó ń jáde máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Ọgbà ńláńlá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ onígun mẹ́ta tó há sí àárín oríta náà wà níbẹ̀, oko kékeré tí àwọn ará àdúgbò ń dá wà níbẹ̀, etí ọ̀nà ńlá wà níbẹ̀, itẹ́ òkú wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí a kò tíì fi ṣe ohunkóhun náà wà níbẹ̀. Central Park, tó tó 840 éékà, jẹ́ ìlà kan. Ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ojúlé kan lọ, tí igi àti àga ìjókòó díẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìlà kan ni òun náà. Ìlà kan nínú àtẹ yìí kò dúró fún ọgbà ìgbafẹ́ kan. Ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọgbà ni ó dúró fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu irú ilẹ̀ tí òun yóò kà mọ́ ọgbà, kí ó sì kọ ìpinnu náà sínú WHERE, apá ìbéèrè tó ń yan ìlà tí a fẹ́, níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i kí ó sì bá a jiyàn. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí ẹ̀kọ́ mìíràn tó tó èyí: kí a tó bi àtẹ ní ohunkóhun, kí a mọ ohun tí ìlà kan rẹ̀ dúró fún. Ibẹ̀ ni ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá.

Àtẹ kejì tí a máa ń so mọ́ ti àkọ́kọ́ ni ti àwọn pápá ìdárayá, tí a sọ ní papa. Níbẹ̀, ìlà kan jẹ́ ilẹ̀ ìṣeré kan, GISPROPNUM sì wà lára rẹ̀ láti sọ ọgbà tí ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Eré kọ̀ọ̀kan ló ní òpó tirẹ̀: bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, kíríkẹ́ẹ̀tì, tẹ́níìsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kan náà sì lè gba ju eré kan lọ. Ẹni tó bá ka pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, tó ka pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tó sì ro méjèèjì pọ̀, kì í ṣe pápá ló kà. Àǹfààní eré ló kà. Iye àǹfààní eré wúlò fún ẹni tó ń ṣètò ìdíje, ṣùgbọ́n kí a má ṣe pè é ní iye pápá nínú ìròyìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ni ibi tí a bá ti fi JOIN, àṣẹ tó ń mú àwọn ìlà tí nọ́ńbà wọn bára mu pọ̀, so àtẹ méjèèjì. Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀fà, tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, fẹ́ mọ àpapọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ gbogbo ọgbà tó ní ó kéré tán pápá ìdárayá kan. Ó so àtẹ méjèèjì pọ̀ lórí GISPROPNUM, ó sì ro ACRES. Nígbà tí ìdáhùn jáde, ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo èyí, ó jọ pé New York ti ra ilẹ̀ kún ilẹ̀.” Ó ti kà á tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ilẹ̀ ọgbà tí ìlú náà ń bójú tó lé díẹ̀ ní 30,000 éékà, iye tó jáde níwájú rẹ̀ sì ti kọjá ìyẹn lọ jìnnà. Inú mi dùn sí i ju bí inú mi ti ń dùn sí ẹni tó ṣe é yọrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ó ní iye kan lọ́kàn tó fi ń wọn ìdáhùn kọ̀ǹpútà wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé JOIN máa ń tún ìlà ọgbà kọ fún pápá kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ọgbà tó ní pápá 20 yóò gbé ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ wá ní ìgbà 20. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ iye ìyá tó wà nínú agbolé kan, tó wá ń ka ìyá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí. SQL kò purọ́ fún ọmọ náà. Lẹ́yìn JOIN, ìlà kan kò dúró fún ọgbà mọ́. Ó ti di pápá kan pẹ̀lú orúkọ ọgbà rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ ọgbà kò sì ṣeé rò pọ̀ lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí a má so àtẹ pọ̀ rárá, kí a kàn bi àtẹ ọgbà léèrè àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú àtẹ pápá:

SELECT BOROUGH, SUM(ACRES) FROM ogba WHERE GISPROPNUM IN (SELECT GISPROPNUM FROM papa) GROUP BY BOROUGH;

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di àṣà nínú kíláàsì pé kí a ka ìlà ṣáájú JOIN, kí a sì tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye náà bá pọ̀ sí i, kí ẹni tó kọ ìbéèrè sọ ìdí. Bí ó bá dín kù, kí ó sọ ìdí pẹ̀lú, èyí tó mú mi dé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọnù. JOIN lásán kì í mú ọgbà tí kò ní pápá kankan jáde. Ó ń fi wọ́n pamọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ibi tí kò sí nǹkan gan-an ni ará ìlú fẹ́ mọ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tàbí ibi ìṣeré ọmọdé kò nílò àkójọ ibi tó ti ní i. Nítorí náà, LEFT JOIN ni a máa ń lò, èyí tó ń mú gbogbo ọgbà jáde, tó sì ń fi àlàfo tí SQL ń pè ní NULL sí ibi tí kò bá rí pápá:

SELECT o.SIGNNAME FROM ogba o LEFT JOIN papa p ON p.GISPROPNUM = o.GISPROPNUM WHERE p.GISPROPNUM IS NULL;

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, nítorí pé mo ti rí i kí ó mú àwọn tó gbọ́n ju èmi lọ. Bí a bá fẹ́ fi àmúyẹ kan kún ọ̀rọ̀ àtẹ kejì, bóyá pé pápá tó ní iná alẹ́ nìkan ni a fẹ́ kà, inú ON, apá tó ń sọ bí ìlà méjì ṣe bára mu, ni kí a kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú WHERE ti lé gbogbo ọgbà tí kò ní pápá jáde, LEFT JOIN rẹ̀ sì ti di JOIN lásán láìmọ̀.

Àlàfo tó wà nínú òpó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó gba sùúrù. Nínú àkọsílẹ̀ ohun amáyédẹrùn, àlàfo lè túmọ̀ sí pé nǹkan náà kò sí níbẹ̀. Ó lè túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò tíì lọ wò. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ìbéèrè náà kò kan ibẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè irú koríko tó wà lórí pápá oníkọnkéré. SQL ní NULL fún ohun tí a kò mọ̀, kò sì fi í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ìlà tí òpó rẹ̀ jẹ́ NULL kì í jáde nígbà tí a bá béèrè àwọn tó jẹ́ 'Yes', kì í sì í jáde nígbà tí a bá béèrè àwọn tí kò jẹ́ 'Yes'. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ro ìdáhùn méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé kò pé iye tó wà nínú àtẹ, ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ kẹta wà. Ìṣòro SQLite tún wà lórí èyí. Bí a bá fi àṣẹ .import kó fáìlì CSV, àtẹ tí a fi kọ́mà ya òpó rẹ̀, wọlé, àlàfo kì í di NULL; ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan ni ó máa ń dì. IS NULL kò ní rí ìkankan, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé kò sí ohun tó ṣófo nínú àtẹ náà. Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé ni UPDATE tó ń sọ àwọn àlàfo wọ̀nyí di NULL ní òpó kọ̀ọ̀kan.

Àṣẹ .import yìí kan náà, bí kò bá bá àtẹ tí a ti ṣe sílẹ̀, lè sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Bí a bá wá to ọgbà láti orí èyí tó tóbi jù, 99 éékà yóò ga ju 840 lọ, nítorí pé 9 ju 8 lọ lójú ẹni tó ń to ọ̀rọ̀. ORDER BY ACRES + 0 DESC ń wo ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n kí a ṣe àtẹ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú REAL, irú òpó tó wà fún nọ́ńbà, ló dára jù. Bákan náà ni ti àwọn tó ń gba àkọsílẹ̀ New York nípasẹ̀ API, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dípò kí wọ́n gba gbogbo fáìlì: ìlà 1,000 ni wọ́n máa ń fún ẹni tí kò bá sọ iye tó fẹ́ nínú $limit, àtẹ ọgbà náà sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó bá ti jáde ní 1,000 géérégé, kí a fura sí i.

Lẹ́yìn tí a ti lo ti New York dáadáa, ó wù wá láti ṣe tiwa. A kò rí àtẹ ìjọba kan tó kó ọgbà ìgbafẹ́ Kwara jọ tí a lè bi léèrè bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tí wọ́n mọ̀: Metropolitan Square ní Ìlọrin, Òkè Ṣóbì, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Òwù ní Ọ̀wá Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ní Ìrẹ́pọ̀dùn, tó ti wà láti ọdún 1945. Àríyànjiyàn tó gbà wá lákòókò jù kò kan SQL rárá. Ṣé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́? Ṣé òkè tí ẹnikẹ́ni lè gùn, tí kò ní ẹnubodè, yẹ ní ìlà? A fẹnu kò sí i pé ìlà kan nínú àtẹ àkọ́kọ́ yóò dúró fún ibi kan tí ará ìlú lè wọ̀ láti najú, yálà ó gbowó ẹnu ọ̀nà tàbí kò gbà. Nínú àtẹ kejì, ìlà kan yóò dúró fún ohun amáyédẹrùn kan bí ẹnìkan ṣe fi ojú rí i ní ọjọ́ kan: ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ẹ̀rọ, àga, jangirọ́fà, iná alẹ́. Ọjọ́ náà ní òpó tirẹ̀, ipò tí a bá nǹkan náà sì ní tirẹ̀, nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tì pa yàtọ̀ sí èyí tó ṣí, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí kò sí rárá. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ 'kò sí'.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni a fi so àtẹ méjèèjì, a kò lo orúkọ. Ọjà Ọba wà ní Ìlọrin, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Àkúrẹ́. Orúkọ ibi ìgbafẹ́ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ìwé ìjọba pàápàá ń kọ Pategi níhìn-ín, wọ́n ń kọ Patigi lọ́hùn-ún, Oke-Ero a máa ní àmì ìsopọ̀ nígbà mìíràn, a sì máa wà láìní i. A ṣe àtẹ kékeré kan tó ní ìjọba ìbílẹ̀ Kwara 16 nìkan, a sì fi FOREIGN KEY, ìdè tí kì í gba orúkọ tí kò sí nínú àtẹ kékeré náà, dè é, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ ìkẹtàdínlógún. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ rántí pé SQLite kì í tẹ̀ lé ìdè náà àyàfi tí a bá kọ PRAGMA foreign_keys = ON ní ìgbàkígbà tí a bá ṣí fáìlì.

Àmì ohùn fún wa níṣẹ́ tí ìwé ìkọ́ni kankan kò kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Lójú ènìyàn, Ọ̀fà kan kò yàtọ̀ sí Ọ̀fà kejì, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ ọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí lẹ́tà kan ṣoṣo kí ó tó gbé àmì lé e, kí òmíràn kọ o, ẹsẹ̀ àti àmì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. SQLite ń fi báìtì, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, wé báìtì, nítorí náà GROUP BY yóò sọ ìlú kan di méjì. LIKE pẹ̀lú kò mọ̀ pé Ọ ńlá àti ọ kékeré jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ̀ ní ńlá àti kékeré. A ya òpó méjì sọ́tọ̀: ọ̀kan tó ní àmì ní pípé fún kíkà, ọ̀kan tí kò ní àmì kankan fún wíwá.

Ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé náà nílò ìṣọ́ra. Ìlọrin wà ní nǹkan bíi 8.5 sí àríwá àti 4.55 sí ìlà-oòrùn. Máàpù orí fóònù máa ń kọ ti àríwá ṣáájú; fáìlì GeoJSON máa ń kọ ti ìlà-oòrùn ṣáájú. Bí ẹnìkan bá pààrọ̀ wọn, ọgbà Ìlọrin yóò bọ́ sí ìhà Bakassi, létí òkun. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń wá ìlà tí nọ́ńbà àríwá rẹ̀ kò sí láàárín 7 sí 11 ti tó láti mú gbogbo wọn. Ọdún ìwé náà tún ṣe pàtàkì. Ní 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, tí Borgu sì bọ́ sí Niger; àkọsílẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀ nípa Kwara ṣáájú ìgbà náà ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tó ju ti òní lọ, kò sì yẹ kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní láìsọ.

Ní báyìí, a ti ń kọ̀wé sí àwọn ọ́fíìsì fún ohun tí wọ́n bá ní. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà wa kò gùn. A ń béèrè fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà, kì í ṣe ìwé tí a ya fọ́tò rẹ̀. A ń béèrè ìtumọ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. A sì ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn àti ohun tí wọ́n ń ka sí ìlà kan. Òṣìṣẹ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara pè wá lórí fóònù nítorí gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Pápá kan wà ládùúgbò rẹ̀ tí ilé-ìwé ń lò lówùúrọ̀, tí gbogbo ìlú sì ń lò nírọ̀lẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà kan ni kí òun fún un tàbí méjì. New York ti bá irú rẹ̀ pàdé, wọ́n sì ní ẹ̀ka kan fún un nínú TYPECATEGORY, Jointly Operated Playground, ibi ìṣeré tí ilé-ìwé àti ẹ̀ka ọgbà jọ ń lò. A ní kí ó jẹ́ ìlà kan, kí ó fi òpó kún un fún ẹni tó ni ilẹ̀ náà, kí ó sì fi òmíràn kún un fún wákàtí tó ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Ó ní ti ẹni tó ni ilẹ̀ náà yóò pẹ́ díẹ̀, pé kí a fi í sílẹ̀ ní NULL ná.